Àmín Tó Wà Lẹ́yìn Fóònù

Ẹ jẹ́ n sọ ti Oyèbọ́lá fún yín, kí ẹ tó bá wọn fẹnu bà á jẹ́. Ní ilé Bàbá Fákọ̀yà ní Itele, Ìyá Ànú ni gbogbo ayálégbé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ànú ọmọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọ́mọ wà ní Ẹdẹ, ibẹ̀ ló ti ń lọ sílé ìwé. Wọ́n ní ọkàn Ìyá Ànú le. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ kú, ó lọ sìnkú, ó padà dé lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó rí omi lójú ẹ̀. Wọ́n ní ajá Kàdírì tí ọkọ̀ tẹ̀ pa lójú títì, gbogbo obìnrin ilé bojú, òun nìkan ló dúró wò ó tán, tó wá lọ bu yẹ̀pẹ̀ bò ó. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe.

Wọ́n rò pé báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́, pé òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Fákọ̀yà onílé dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a jà pé báǹkì wọn ń ti ẹ̀rọ ìgbowó mọ́ àwọn àgbààgbà lójú. Oyèbọ́lá kúnlẹ̀, ó bẹ bàbá lórúkọ báǹkì tí kò mọ̀ rí. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìwé ló fọwọ́ sí pé òun ò ní sọ ibi tí òun ń lọ láràárọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ. Ọkọ kúkú ti lọ tipẹ́, ìyẹn ò ṣòro.

Lókè ilé alájà mẹ́ta kan tí kò jìnnà sí Ṣàngó Toll Gate, yàrá kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Èèyàn mẹ́tàlá ló ń jókòó síbẹ̀, kálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Ìkànnì ńlá kan lókè òkun, irú èyí tí gbogbo ayé ń gbé fídíò sí, ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, ti Èkó wá gbé e fún ti Ṣàngó. Ẹ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́: ẹni tó gba iṣẹ́ kọ́ ló ń po sìmẹ́ńtì. Àwọn Oyèbọ́lá ló ń po sìmẹ́ńtì yìí. Wọ́n á wo fídíò Yorùbá tí ẹnì kan bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n á sọ bóyá kó dúró tàbí kó kúrò. Irínwó fídíò lójúmọ́.

Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, kò yẹ kí n máa kà á fún yín. Wọ́n dáná sun olè láàyè. Ẹnì kan na ọmọ rẹ̀ títí ọmọ fi dákẹ́. Ọkọ̀ já bọ́ lórí afárá, ẹni tó ń ya fídíò ń rẹ́rìn-ín. Lóṣù àkọ́kọ́, Oyèbọ́lá ń bì. Lóṣù kejì, kò lè fojú kan ẹran. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ń wò ó, ó sì ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Inú rẹ̀ ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Ìyẹn ni ẹ̀ ń pè ní ọlọ́kàn líle.

Láàárín àwọn fídíò yìí, àwọn kan máa ń wọlé pẹ̀lú àmì pupa lókè. Ti ìjọba nìyẹn. Ọ́fíìsì kan á kọ̀wé sí ìkànnì pé fídíò báyìí-báyìí ń da ìlú rú, kí wọ́n bá àwọn mú un kúrò kíákíá. Ìkànnì kì í sọ pé rárá, nítorí ó fẹ́ máa ṣòwò ní Nàìjíríà lọ. Kì í sì í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ojú ayé. Á ní ká kọ́kọ́ wò ó ná. Wíwò náà ló ń ti òkè òkun rọra bọ̀, tó ń bọ̀, títí tó fi máa bà lé Oyèbọ́lá lórí ní Ṣàngó.

Ìdáhùn mẹ́ta ló wà fún un láti tẹ̀. Bí fídíò ò bá rú òfin kankan, á tẹ “Fi sílẹ̀.” Bó bá jẹ́ òfin Nàìjíríà nìkan ló rú, á tẹ “Bò ó ńbí”: ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà ò ní rí i mọ́, àmọ́ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wò ó lọ ní tiẹ̀. Bó bá wá jẹ́ òfin ìkànnì gan-an ló rú, bíi kí ẹnì kan máa halẹ̀ pé òun á pa ẹlòmíì, á tẹ “Pa á rẹ́.” Ìyẹn á pa á rẹ́ káríayé, tòun ti gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi wá a rí mọ́.

Dúrójaiyé, ọ̀gá wọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á ní kí gbogbo wọn dìde, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, á gbàdúrà fún wọn pé ohun tí ojú wọn bá rí kò ní bá wọn délé. Wọ́n á ṣe “Àmín.” Ti Oyèbọ́lá ló máa ń ròkè jù, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ní Ẹdẹ lọ́hùn-ún, ọmọ tí àgbà bá ṣàdúrà fún tó ń ṣe “Àmín” lábẹ́ ètè, wọ́n á ní ta ló bí i. Dúrójaiyé á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá Ànú, Àmín rẹ yìí á ṣí òrùlé wa lọ́jọ́ kan o.” Lẹ́yìn ìyẹn ni á wá sọ èyí tó máa ń sọ lójoojúmọ́: “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa nǹkan rẹ́. Ìkànnì ló pa á rẹ́.” Oyèbọ́lá gbà á gbọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba nǹkan kan gbọ́ kó tó lè rí oorun sùn.

Àṣàbí ló ń gbé yàrá tó dojú kọ ti Oyèbọ́lá. Opó ni, àpò ló ń ràn. Àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà, àpò oúnjẹ adìẹ tó ti ya, á lọ kó wọn wá láti Alapoti, á fọ̀ wọ́n, á sá wọn sórí okùn, á fi abẹ́rẹ́ ńlá lẹ̀ wọ́n fún àwọn tó ń ta àgbàdo. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó yè, Àmọ̀dá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń ru irin nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Àmọ̀dá yìí ló tún ìlẹ̀kùn Oyèbọ́lá ṣe nígbà tó já. Òun ló ń bá a pọnmi tí iná ò bá sí. “Àńtí mi,” á ní, “ẹ bá mi wáṣẹ́ sí báǹkì yín ná. Bó jẹ́ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo fẹ́.” Oyèbọ́lá á ní òun á bá ọ̀gá sọ ọ́.

Èéfín ilé iṣẹ́ irin yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ń bà lé aṣọ, ó ń bà lé ọbẹ̀, ọmọ ìkókó ń wúkọ́ bí arúgbó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ dúró sẹ́nu géètì ibẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àmọ̀dá wà láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kò pẹ́, ọkọ̀ kan dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó wọṣọ agbófinró. Wọ́n kó mẹ́rin. Mẹ́ta padà wálé lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ wọn wú. Àmọ̀dá ò padà.

Ìyá rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí ńbí. Ó lọ sí èkejì, wọ́n ní kó lọ sí àkọ́kọ́. Ó gbé oúnjẹ dání títí oúnjẹ fi kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó jókòó lórí òkìtì àpò rẹ̀, kò ran nǹkan kan. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé, “Ọmọ mí kú yá ju ọmọ mí nù. Ọmọ mí kú yá ju ọmọ mí nù.”

Kàdírì tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà ló ní kí wọ́n ṣe fídíò. Ó ní òun á gbé e sórí àkántì òun, pé àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé òun nítorí àwọn àwàdà tí òun máa ń ṣe. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, láàárọ̀. Wọ́n wá ẹni tó máa gbé fóònù dání. Ọwọ́ Kàdírì ń gbọ̀n, torí òun àti Àmọ̀dá jọ dàgbà ni. Ló bá ní, “Ìyá Ànú ló kù. Ọwọ́ tiyín kì í gbọ̀n.” Òótọ́ ni. Ó yẹ kó kọ̀, òun náà mọ̀ pé ó yẹ kó kọ̀. Àmọ́ ta ni ẹ jọ ń gbélé tó ní kí ẹ bá òun gbé fóònù, tí ẹ máa ní rárá?

Nítorí pé ó mọ òfin, ó kọ́ ìyá lẹ́kọ̀ọ́. “Ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ má dárúkọ ọ̀gá kankan. Ẹ má bú ìjọba. Orúkọ ọmọ yín, aṣọ tó wọ̀, ibi tí wọ́n ti mú un, ó tán.”

“Èpè ńkọ́?” ni Àṣàbí bi í.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣépè. Ìyá, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.”

“Mo ti gbọ́.”

Ó kúkú gbọ́ lóòótọ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kò rú ìkankan nínú òfin náà. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ló wọ̀, bọ́tìnnì kan ti já nínú ẹ̀, òun ni òun fi òwú àpò rán òmíràn sí i. Ó ní ẹni tó bá rí bọ́tìnnì funfun láàárín búlúù, ọmọ òun nìyẹn. Ìgbà tó dárúkọ bọ́tìnnì yẹn ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bọ́ gèlè. Ó ní: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ mi pamọ́, ilẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń mú un lọ, ilẹ̀ náà á gbé yín mì. Bẹ́ ẹ ò bá dá a padà fún mi, ẹ̀yin náà ò ní délé yín.”

“Àmín!”

Ta ló ṣe Àmín? Oyèbọ́lá ni. Oyèbọ́lá tó kọ́ ìyá lófin! Kò rò ó. Bí àgbà bá la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu ọmọ tí wọ́n tọ́ kì í béèrè lọ́wọ́ orí kó tó dáhùn. Ó dún ketekete. Ó fẹ́ ní kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ Kàdírì ti gba fóònù rẹ̀. “Ó ti lọ,” ni Kàdírì wí. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Nígbà tó fi di Túsìdeè, ó ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá èèyàn tó ti wò ó. Wọ́n ń gbé e káàkiri Ọ̀tà, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tí Àṣàbí ò mọ̀ rí ń kí i lójú ọ̀nà, á ní, “Ìyá oníbọ́tìnnì, ẹ ó rí i o.” Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó ran àpò mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọ̀sán ti pọ́n, Oyèbọ́lá ti wo igba fídíò ó lé díẹ̀, èyí tó kàn wọlé pẹ̀lú àmì pupa. Okùn tí wọ́n sá àpò sí ló kọ́kọ́ rí. Ó rí dúróòmù omi tí òun àti Ìyá jọ ń lò. Kó tó mọ ohun tó ń wò, Àṣàbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Ìwé ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: obìnrin yìí àti ẹnì kejì tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ń halẹ̀ ikú mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa, ẹ mú fídíò náà kúrò, ẹ sì bá wa wá ẹni tó ni ohùn kejì.

Ó gbọ́ ọ dópin. “Àmín!” ni ohùn náà ké mọ́ ọn létí, àfi bí ẹni pé wọ́n pè é lórúkọ.

Òfin ibẹ̀ ni pé bí o bá mọ ẹni tó wà nínú fídíò, kí o nawọ́ sókè, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Ta lẹlòmíì? Lucy ló jókòó tì í. Delta ni bàbá Lucy ti wá, àmọ́ Ṣàngó ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá ju ẹlòmíì lọ. Àràárọ̀ ni Lucy ń gbọ́ Àmín Oyèbọ́lá létí ọ̀tún. Gbogbo àwọn méjìlá yòókù ló mọ̀ ọ́n. Dúrójaiyé á mọ̀ ọ́n lójú oorun. Kò nawọ́.

Ó mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ṣépè kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ ló gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́, nítorí kò rí ẹlòmíì gbé e fún. Ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ kì í ṣépè. “Fi sílẹ̀” ló tọ́. Àmọ́ bó bá fi í sílẹ̀, ìjọba á tún kọ̀wé, ọ̀rọ̀ á lọ sókè, àwọn àgbà ibẹ̀ á tún gbọ́ ohùn yẹn. Bó bá bò ó ní Nàìjíríà nìkan, ó ṣì wà níta gbangba ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ. Bó bá pa á rẹ́, ó parí.

Àpótí kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ àlàyé sí. Ó kọ ọ́ pé: ó ní ilẹ̀ á gbé wọn mì, ó ní wọn ò ní délé wọn, ìhalẹ̀ ikú ni. Kò kọ nǹkan kan nípa bọ́tìnnì. Ó tẹ “Pa á rẹ́.” Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó kàn jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ó tẹ “Fi sílẹ̀.”

Ṣé ó dùn ún? Kò dùn ún. Ó ń dúró kó dùn ún bí ẹni ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ ò dé. Ó wo nǹkan bí igba fídíò mìíràn kí iṣẹ́ tó tán.

Nígbà tó délé, òòrùn ò tíì wọ̀ tán. Gbogbo ayálégbé wà níta. Àṣàbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, erùpẹ̀ Alapoti ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kàdírì mú fóònù mẹ́ta dání, ó ń tẹ eléyìí, ó ń tẹ tọ̀hún.

“Ìyá Ànú, ẹ wá gbọ́,” ni Kàdírì wí. “Ẹnì kan kọ̀wé sábẹ́ fídíò wa lọ́sàn-án. Ó ní òun àti Àmọ̀dá jọ wà nínú yàrá kan fún ọjọ́ mẹ́rin, pé àná ni wọ́n tú òun sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bọ́tìnnì kejì láti òkè ni, Ìyá ò sì sọ ìyẹn nínú fídíò! Ó ní òun mọ ibi tó wà, pé ẹ̀mí ń bẹ lára ẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, Ìyá fúnra wọn ni kó dá òun lóhùn níbẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́.”

“O ò dá a lóhùn?” ni Oyèbọ́lá bi í.

“Ta lèmi tí mo máa dáhùn ṣáájú ẹni tó bímọ? Ìyá ti lọ kó àpò ní Alapoti. Mo gun ọ̀kadà lọ pè wọ́n, mo wá wọn títí. Ká tó dé, aago mẹ́ta ti kọjá. Fídíò ti lọ. Wọ́n ti àkántì mi pa mọ́ ọn. Wọ́n ní mo halẹ̀ ikú.”

“O ò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́?”

“Nọ́ńbà gbọọrọ ló fi ṣorúkọ. Ta ló ń há ìyẹn sórí?” Ó gbé fóònù kan sókè. “Mo ti fi VPN wọlé. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ìjọba ti ìkànnì kan pa? VPN yìí ni gbogbo wa fi ń wọ̀ ọ́. Fóònù á rò pé Lọ́ńdọ̀nù lòun wà. Ká ní wọ́n kàn bò ó ní Nàìjíríà lásán ni, màá ti rí i, màá ti dá ẹni yẹn lóhùn láti àkántì míì. Kò sí níbẹ̀. Kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan jókòó, ó pa á rẹ́ pátápátá.”

Aago mélòó lẹni yẹn kọ̀wé? Oyèbọ́lá fẹ́ bi í, kò bi í. Lójú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, fídíò nìkan ni wọ́n ń fi hàn án, wọn kì í fi ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ hàn án. Ká ní “Bò ó ńbí” ló tẹ̀ ni, Àmọ̀dá ì bá ti rí ẹni tó máa wá a délé.

Àṣàbí gbójú sókè. “Ẹnì kan, ni o wí? Ṣé èèyàn ni?”

“Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá,” ni Oyèbọ́lá yára wí. “Kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe é.”

“Irọ́ ni,” ni Kàdírì wí. “Ẹ má bínú, Ìyá Ànú, ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà wo ló gbọ́ èpè? Èèyàn ló wò ó, ọmọ Yorùbá ni. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ, ó gbọ́ ọ yé, kó tó pa á rẹ́.”

Àṣàbí dìde. Ó pẹ́ kó tó nà tán. Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó jù ú sórí àpò. Gbogbo ilé dìde. Bàbá Fákọ̀yà alára bọ́ fìlà.

“Ẹni tó jókòó,” ni Àṣàbí wí, “tó gbọ́ ohùn mi tó sì dí ọ̀nà mọ́ ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Bí èmi ò bá fojú kan Àmọ̀dá mọ́, kí òun náà má fojú kan ọmọ tiẹ̀ mọ́. Kó máa pè é, kó má dáhùn.”

“Àmín,” ni gbogbo ilé wí.

Oyèbọ́lá náà wí i. Ètè rẹ̀ mì.

“Ìyá Ànú.” Àṣàbí ti yíjú sí i. “Mi ò gbọ́ tìẹ.”

“Mo ṣe é, mà.”

“Kò dún. Tọjọ́ Sọ́ńdè dún. Nínú gbogbo wọn, tìẹ lọ́kàn mi gbẹ́kẹ̀ lé, torí ìwọ náà bímọ. Fi ohùn ọjọ́ Sọ́ńdè ṣe é fún mi, jọ̀ọ́, ọmọ mi.”

Gbogbo ilé ń wò ó. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó ní kí ni? Ó fa èémí.

“Àmín!”

Ó dún. Àwọn adìẹ tó wà lórí àpò fò sílẹ̀.

“O ṣeun,” ni Àṣàbí wí. “Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ.” Ó wá jókòó, ó ń wá abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Oyèbọ́lá wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn tí Àmọ̀dá bá a tún ṣe. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Kò sunkún. Ó mú fóònù, ó pe Ẹdẹ, kó kàn gbọ́ ohùn Ànú lásán. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè.